Àmì Tó Wà Lára Kilé Mi

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. À ń gbọ́ yín ketekete lórí rédíò ní Manígírì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ mẹkaníìkì ni. Ọ̀gá mi ní Básílà ti kìlọ̀ pé ojúlówó kilé, irin tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì, ni kí n máa lò, nítorí gbàrọgùdù a máa yọ̀ bọ́, a sì máa ṣeni léṣe. Nígbà tí ọkùnrin kan gbé ojúlówó wá fún mi lọ́jà, inú mi dùn, mo rà wọ́n. Gírísì ló bò wọ́n.

Ilé ni mo ti nù wọ́n, tí mo rí àmì. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ̀ ọ́n: mẹkaníìkì kọ̀ọ̀kan ló ń gé àmì tirẹ̀ sára irin iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ tà á, òun fúnra rẹ̀ ní í fá àmì náà kúrò níṣojú ẹni tó ń rà á. Ẹnikẹ́ni ò fá èyí.

Ọ̀gá mi wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ti Yésúfù ni, mẹkaníìkì bíi tiwa. Ọkùnrin kan ló wá pè é pé kámíọ̀ akẹ́rù òun kú sọ́nà Dogè. A ò rí i mọ́."

Àná, ẹni tó tà á fún mi wá sílé ìyá mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kámíọ̀ òun kú sọ́nà Dogè, kí èmi nìkan wá lọ́jọ́ ọjà, kí n má gbàgbé kilé. Ẹ̀rù mú mi gbà pé n ó lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ṣe? Bí lẹ́tà yìí bá sì pẹ́ kó tó dé, ẹ máa wo kilé tí ẹ bá ń rà dáadáa. Mo ti gé òṣùpá kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì Yésúfù. Tèmi nìyẹn.