Káàdì Nọ́ńbà Mọ́kànlélógójì

Èmi atẹ̀wé, tí orúkọ mi ní kíkún wà lẹ́yìn àpòòwé tí lọ́yà mi lẹ̀ pa, tí àwọn ẹgbẹ́ eléré máàpù, àwa tí à ń fi máàpù wá àsíá kiri inú igbó, ń pè ní Bàbá Máàpù, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ni mo ń sọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ mi ní ohun tí màá sọ. Mo fagi lé ìwé ìhágún mi àtijọ́, nítorí pé irọ́ wà nínú rẹ̀.

Mo fi lọ́yà mi àti alága ẹgbẹ́ ṣe alámòójútó ogún mi. Kí wọ́n ṣí ìwé yìí ní ọjọ́ tí mo bá kú. Tí ìdíje ọdún bá sì dé, kí wọ́n kà á sókè nídìí tábìlì ìparí, lójú gbogbo ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó wọ igbó. Mo mọ̀ pé alága kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ó fara dà á.

1. Ilé tí mo ń gbé, yàrá mẹ́rin lókè àti ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé nísàlẹ̀, mo fi í fún ìyàwó mi. Àwọn ọmọ mi kò gbọdọ̀ lé e kúrò níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà láàyè.

Obìnrin yìí mọ ohun tí mo ṣe, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò bi mí léèrè rí pẹ̀lú. Láti òní lọ, mo tú u sílẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, kí ó dáhùn.

2. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjèèjì, ọ̀bẹ ńlá tí a fi ń gé bébà àti gbogbo yíǹkì, mo fi wọ́n fún ọmọbìnrin mi àgbà. Ẹ̀rọ tó wà lápá òsì máa ń jẹ bébà tí òjò bá ń rọ̀. Kí ó má bá a jà, kí ó dúró kí òjò dá. Ọkọ̀ mi ni ti ọmọkùnrin mi. Kí ó tún bíréèkì rẹ̀ ṣe kí ó tó gbé e jáde.

3. Ajá mi, mo fi í fún alága. Ajá náà mọ igbó jù ú lọ, yóò máa mú un délé.

4. Kọ́ńpáàsì mi, mo fi í fún ọmọ àbúrò mi, ìyẹn aránṣọ, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

Ọmọ mi, ní ọdún tó kọjá, o bẹ̀ mí pé kí n kọ́ ọ ní eré wa. Mo ní àyà ń dùn mí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí. Tí wọ́n bá ti fún ọ ní káàdì tó ní nọ́ńbà rẹ àti máàpù, kọ́kọ́ dúró. Yí máàpù náà títí àríwá rẹ̀ yóò fi bá ti kọ́ńpáàsì mu. Fi àtàǹpàkò rẹ sórí ibi tí o wà, kí o máa sún un bí o ṣe ń lọ. Ní ìdíje àkọ́kọ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ àti etí odò ni kí o máa tẹ̀ lé. Àwọn tó ń sáré kọjá lára rẹ, jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Tí o kò bá rí àsíá tí ò ń wá, padà síbi ìkẹyìn tí o mọ̀ dájú. Tí o bá rí i, fi irin tí wọ́n so mọ́ ọn lu ihò sí káàdì rẹ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé, rí gbogbo àsíá o, má rí ẹyọ kan o, o gbọ́dọ̀ dé tábìlì ìparí kí o tó lọ sílé. Kí wọ́n gba káàdì rẹ, kí wọ́n fàlà síwájú nọ́ńbà rẹ nínú ìwé orúkọ. Tí nọ́ńbà kan bá kù tí kò ní ìlà, àwọn èèyàn yóò padà wọ igbó lọ wá ẹni tó ni ín.

Ohun tí ó pa bàbá rẹ nìyẹn. Èmi ni mo ni nọ́ńbà tó kù.

Èmi ni mo mú àbúrò mi wọ ẹgbẹ́. Káfíńtà ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Kò pé ọdún méjì tí ó fi ń ṣáájú mi, ó sì ń dùn mí. Ní ọjọ́ náà, mo ti gbéra ní ìdajì wákàtí ṣáájú rẹ̀, mo sì ń yí kiri níbi àsíá kẹta nígbà tí ó bá mi. Àsíá náà wà lẹ́yìn mi, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ó lu káàdì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n fà yín lọ́wọ́ ni?” Ẹ̀fẹ̀ ni. Kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú bí mi débi pé mo gba ojú títì jáde, mo wọ mọ́tò, mo lọ sílé, mo sùn. Káàdì mi wà nínú àpò ṣòkòtò mi.

Ẹni tó ń jókòó ní tábìlì ìparí nígbà náà ni tíṣà ìṣirò kan. Ẹ-dúró-ná ni à ń pè é, nítorí pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá kí ó tó ka káàdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi parí eré, ó béèrè mi lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà ní nọ́ńbà mọ́kànlélógójì kò tíì dé. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi padà wọ igbó, ó ń pè mí. Ó yọ̀ ṣubú sínú kòtò kan tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nígbà kan rí. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde.

Nígbà tí Tíṣà àti àwọn ará ẹgbẹ́ wá kan ilẹ̀kùn mi, ìyàwó mi ti fọ ẹrẹ̀ ara bàtà mi, ó ti sá a sí yàrá ìdáná, ó sì ti rí káàdì náà nínú àpò ṣòkòtò mi. Mo sọ fún wọn pé mo ti fún Tíṣà ní káàdì mi kí n tó lọ, àfi tí ó bá sọ ọ́ nù. Tíṣà ní n kò fún òun ní nǹkan kan. Mo wò ó lójú, mo tún un sọ. Ta ni yóò pe ẹni tí àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní onírọ́? Wọ́n yọ Tíṣà kúrò nínú ẹgbẹ́. Opó àbúrò mi sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé òun kò fẹ́ rí i níbi ìsìnkú. Kò sì wọ igbó mọ́ láti ọjọ́ náà.

5. Ife ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ fi ń rántí àbúrò mi, èmi ni mo ń fi í lé ẹni tó bá borí lọ́wọ́ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ará ilé mi kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́.

6. Ilẹ̀ ibojì tí mo rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àbúrò mi, mo fi í fún ìyàwó rẹ̀. Kí wọ́n sin mí síbòmíràn.

7. Nínú agolo yíǹkì dúdú tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ apá òsì, wọn yóò rí káàdì kan. Nọ́ńbà mi wà lára rẹ̀ àti ihò méjì péré. Ká ní mo fún Tíṣà ni, kì bá tí sí lọ́wọ́ mi. Mo fi káàdì náà fún un. Mo gbọ́ pé ó ṣì tọ́jú ìwé orúkọ ọjọ́ náà sínú àpótí rẹ̀. Kí àwọn alámòójútó méjèèjì gbé e lọ bá a nílé kí wọ́n tó sin mí, kí wọ́n mú báírò dání. Kí wọ́n má bá mi bẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n kàn sọ pé, “Nọ́ńbà mọ́kànlélógójì ti dé.” Bí ó bá ya á, ó ya á. Bí ó bá gbà á, kí wọ́n má kán an lójú. Kí wọ́n dúró, kí ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2019.
Atẹ̀wé, nọ́ńbà mọ́kànlélógójì.

Àwa méjèèjì wà nínú yàrá nígbà tí ó fọwọ́ sí i, àwa náà sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Kò sí ogún tiwa nínú rẹ̀.
Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú rẹ̀ nílé.
Onígbàjámọ̀ ìsọ̀ tó kọjú sí ilé náà.