Àwọn Aláṣọ Funfun Tó Fá Orí Rídwàn

Abobo Gare, Abidjan,
Ọjọ́ Àìkú.

Sí ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ìyá Rídwàn, ní Ìgbòho,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí yín, mo kí ilé, mo sì kí ẹni yòówù tó bá jókòó tì yín láti ka ìwé yìí sí yín létí. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé ẹ̀ ń rí oorun sùn? Ara tèmi le, àlàáfíà ni ìyàwó àti àwọn ọmọ wà, ọjà táyà ọ̀kadà tí mò ń tà níbí náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo gbìyànjú láti bá yín sọ ọ́ lórí fóònù lánàá, àmọ́ ẹkún tí ẹ̀ ń sun kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí mò ń wí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ṣe pàtàkì bẹ̀rẹ̀: ọmọ yín kò sí nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ẹ kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná, kí ẹ tó ní kí wọ́n ka ìyókù.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni Rídwàn ń gbé nígbà tó kọ́kọ́ wọ yunifásítì. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí ilé kan ní Marcory, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tòun ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìyá. Ó ní àwọn anciens, ìyẹn àwọn tó ti gbé ilé náà rí kí wọ́n tó kàwé jáde, ló ń gbọ́ bùkátà ilé náà. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi dé ọwọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi san owó ilé-ìwé rẹ̀. Mo bi í pé ta ló san án, ó ní òun kò mọ̀. Mo ní kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń pàdé ní Sátidé, ó ní, “Tonton,” bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò ìyá níbí, “pardon, a kì í sọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ níta.” Ẹ̀gbọ́n mi, èwo nínú àwa tí wọ́n bí ní Nàìjíríà ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí tí àyà rẹ̀ kò ní já?

Ẹ̀yin náà kò sì jẹ́ kí n sinmi. Ẹ ní àpò gààrí àti kúlíkúlí tí ẹ̀ ń fi rán àwọn onímọ́tò sí i, tí ó yẹ kí ẹnì kan fi oṣù mẹ́ta jẹ, kì í ju oṣù kan lọ tí á fi ní ó ti tán. Ẹ ní ohun tó ń bá a jẹ ẹ́ kì í ṣe ènìyàn. Ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà, àmọ́ ẹ̀rín náà kò jáde.

Zénabou ló wá dá kún un. Ìyàwó oníbàárà mi kan ni, ó ń ta attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbí, níwájú ilé náà. Ó ní òun yọjú wolé láti ẹnu géètì, òun rí àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun tí wọ́n yí iná ńlá kan ká, Rídwàn jókòó láàárín wọn, ó tẹrí ba, wọ́n ń fá orí rẹ̀. “Walaï, Ràímì, mo fi ojú mi rí i.” Bó ṣe wí nìyẹn. Nígbà tí mo pè yín, ẹ figbe ta, ẹ ní kí n gbé e sínú bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó bá ń bọ̀ nílé, bí oyè yunifásítì bá máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó bọ́. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ẹ ní ẹ kò ní dáwọ́ dúró títí ẹ ó fi rí i. Mo mọ̀ pé kò ju kó dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ mọ́, ohun tí wọ́n ń pè ní soutenance níbí, kí gbogbo wàhálà rẹ̀ parí. Ó dùn mí wọra, àmọ́ ọmọ tó wà láàyè ni mo fẹ́ kí ẹ rí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú Àlàmín alápatà dání lọ sí Marcory lánàá, ẹni tí apá rẹ̀ tó itan mi, torí bí ọ̀rọ̀ bá di ká gbé ọmọ jáde, èmi nìkan kò lè dá a gbé. Nínú ọkọ̀, Àlàmín ń fa tèsùbáà, èmi ń làágùn.

Wọn kò tilẹ̀ ti géètì. Àwọn aláṣọ funfun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Iná náà wà níbẹ̀. Ìkòkò ìrẹsì ló wà lórí rẹ̀, aṣọ funfun náà sì jẹ́ èyí tí àwọn tó ń dáná máa ń so mọ́ àyà kí epo má baà ta sí wọn lára. Ẹni tó di ṣíbí ìkòkò mú, ẹnjiníà ni. Olùkọ́ kan tó ti di bàbá ọlọ́mọ ń fọ abọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, àwọn àgbàlagbà sì ń gbé oúnjẹ ka iwájú wọn. Mo dúró sáàárín ọgbà, mo ń wo ojú wọn. Àlàmín ní tirẹ̀ ti ń wo ẹran inú ìkòkò.

Ẹni tó fá orí Rídwàn ń jẹ́ Olújídé. Ó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú ní Port-Bouët. Nígbà tóun náà ń kàwé, irun ló ń gẹ̀ láti fi jẹun. Ní báyìí tí Ọlọ́hun ti ṣe é fún un, ó ṣì ń gbé ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀ wá ní Sátidé kí àwọn ọmọ má baà náwó sí orí. Èyí tí Zénabou rí, wọ́n kàn ń tún irun Rídwàn ṣe nítorí fọ́tò tí ilé-ìwé ní kó mú wá ni. Fìríìjì kan tún wà níbẹ̀ tí ẹnì kankan kò mọ ẹni tó gbé e wá. Olújídé ní ẹni yòówù kó jẹ́, omi gbígbóná mímu á ti sú onítọ̀hún nígbà tó ń gbé ibẹ̀.

Ọkàn mi ti ń rọ̀, àmọ́ ẹ mọ̀ mí, n kì í lè gbé ọ̀rọ̀ mì. Mo bi Olújídé lójú gbogbo wọn pé, “Ẹ fún ọmọ yìí nílé, ẹ san owó ìwé rẹ̀, ẹ gbé kọ̀ǹpútà fún un. Kí lẹ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú?” Ojú ń ti Rídwàn, ó ń wo ilẹ̀. Olújídé pa ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Sátidé ni, Bàbá. Tó bá ríṣẹ́, kó máa wá ní Sátidé. Kó wo ohun tí àwọn tó bá wà níbí nígbà náà kò ní, kó mú un wá, kó má sọ pé òun ni.” Ó ní ìdí tí wọn kì í fi sọ ọ́ níta nìyẹn. Wọn kò fẹ́ kí ọmọ tí wọ́n ràn lọ́wọ́ máa tẹrí ba kiri fún ẹnikẹ́ni, wọn kò sì fẹ́ kí ará ìta mọ ẹni tí kò ní. Òun gan-an kò tíì mọ ẹni tó san owó ọdún ìkẹyìn òun títí dòní. Ó ní ó lè jẹ́ ẹni tó ń fọ abọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń gẹrun, mo sunkún. Ẹ̀rù tó ti wà lọ́kàn mi ló rí ọ̀nà jáde. Wọ́n bu ìrẹsì fún wa. Àlàmín tí mo mú wá jà jẹ abọ́ méjì, ó tún ń béèrè bóyá wọ́n ń gba alápatà sẹ́gbẹ́. Mo bẹ Rídwàn pé kó má bínú. Ó ní, “Y a pas drap, Tonton,” èyí tí àwọn ọmọ ibí fi ń sọ pé kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà ló wá rọra bi mí bóyá ẹ ṣì ń gbààwẹ̀.

N kò gbé e sínú bọ́ọ̀sì kankan o. Bí ẹ bá máa bínú sí mi, mo gbà. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ló máa dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀. Èmi náà á ti ṣọ́ọ̀bù, màá lọ jókòó sẹ́yìn, bí n kò tilẹ̀ ní gbọ́ ìdajì Faransé tó máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹun yó, kí ẹ lè rí okun ṣàdúà fún un.

Ọlọ́hun tó sọ ẹrù yìí kalẹ̀ lọ́kàn wa kò ní gbé òmíràn kà á. Á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, á fún orúnkún yín lágbára tí ẹ ó fi wá wo Rídwàn níbí, ẹ ó sì bá wa láyọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Ràímì.

Àfikún: Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Nígbà tí à ń lọ, Olújídé sìn mí dé ẹnu géètì. Ó ní ẹnì kan wà lára àwọn tó ń gbé ilé náà ró tí kò gbé ibẹ̀ rí, tí kò sì wọ yunifásítì rí. Ó ní lákòókò ìsinmi ọdún tó kọjá, nígbà tí àwọn tí ilé wọn jìnnà kò rí ibi kankan lọ, nǹkan onítọ̀hún ni wọ́n jẹ títí ìwé fi wọlé. Àwọn ọmọ náà kò mọ orúkọ rẹ̀, òfin ilé ni. Rídwàn kàn máa ń gbé nǹkan náà sílé ìdáná ni, kì í sọ ọ́ fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Olújídé. Gààrí àti kúlíkúlí ni, láti Ìgbòho. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹgbẹ́ tí ẹ ní kí ọmọ yín jáde nínú rẹ̀, ẹ ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́. Tí ẹ bá ń di àpò tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó kún.