Ọkọ̀ Tí Kò Ní Awakọ̀ Yóò Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Rẹ

Ilé Kẹrìnlá,
Òpópó Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Aránṣọ, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, n kò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan ìwọ. Mo fi èyí ṣíwájú kí o má baà fi bírò rẹ ṣòfò. Ó wá kù kí n kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún ńkọ́? Bàbá ilé ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá rédíò jiyàn? Àwọn ọmọ àtọmọ-ọmọ ńkọ́? Èmi náà wà. Ojú nìkan ni kò bá mi wà. Má wo bí lẹ́tà mi ṣe wọ́, ìwé kẹta péré ni mo kà, ojú kan ṣoṣo ni mo sì fi ń kọ ọ́.

Ojú ọ̀tún ti lọ. Dókítà ní tí n bá tún pàdánù ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi, tòsì á tẹ̀ lé e. Mo ti pàdánù ẹ̀ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe tíṣà kò rí àyè kúrò ní kíláàsì. Lẹ́ẹ̀kejì, àbúrò rẹ̀ onítáàsì ní kí òun já èrò kan péré ná. Èrò kan péré di mẹ́rin. Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì ń ti ilẹ̀kùn. Èmi tí mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n wa táàsì, tí n kò sì pẹ́ dé ibì kankan rí, mo wá di ẹrù tí wọ́n ń gbé nígbà tó bá wù wọ́n.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ síbi tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń fi ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ han ará àdúgbò. Má rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi mí jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga awakọ̀ tí kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Sítíárì ń yí fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò bú ìyá ẹnikẹ́ni, kò mutí, kò yọ fóònù jáde. Bí obìnrin kan ṣe ti kẹ̀kẹ́ ọmọ bọ́ sójú títì báyìí, ọwọ́ mi ti lọ, mo ti fa bíréèkì ọwọ́. Ọkọ̀ dúró gbọnin, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí fọn fèrè.

Ọmọbìnrin kan láti ilé-iṣẹ́ náà, tó jókòó lẹ́yìn, ní, "Màmá, ọkọ̀ ti rí i ṣáájú yín."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé ojú rẹ̀ dára ju tèmi lọ?"

Àwa méjèèjì mọ ìdáhùn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ jókòó sẹ́yìn.

N kò sọ pé kò lálèébù. Òṣìṣẹ́ kan tó ń tún títì ṣe juwọ́ sí i pé kó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kò mọ ohun tí ọwọ́ ń sọ. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ló fi dúró sójú kan bí ẹni tó ń retí ogún. Wọ́n ní tí òjò bá pọ̀ jù, kì í jáde. Mo bi wọ́n pé tó bá kọlu èèyàn, ta ni ọlọ́pàá máa mú? Wọ́n ní àwọn ṣì ń sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọ mi onítáàsì. Ó ní, "Màámi, oúnjẹ ẹnu mi lẹ fẹ́ gùn lọ sọ́sípítù yẹn." Mo fẹ́ sọ fún un pé bí àwọn ọkùnrin ṣe wí nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé táàsì jáde. Ṣùgbọ́n èmi fi táàsì tèmi bọ́ ọmọ, ọkọ̀ yìí kò lọ́mọ tó ń bọ́. Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú mi tó ṣẹ́ kù kò sì ní dúró kí àwa méjèèjì jiyàn tán. Mo ní tí kò bá fẹ́ kí n wọ̀ ọ́, kó máa tètè dé. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò ṣèlérí.

Mo ti forúkọ sílẹ̀. Ohun kan ló kù: wọ́n ní ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún gbọ́dọ̀ mú àgbàlagbà kan dání nígbà mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ mi kọ̀. Ìwọ náà ti ránṣẹ́ pé àgbà kì í gbé orí ara rẹ̀ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Aránṣọ, kí lo fi ń jẹun láti ìgbà tí o ti gbọ́njú?

Rántí ọ̀sán ọjọ́ tí o fẹ́ bí àkọ́bí rẹ. Òjò ń rọ̀, bàbá ilé wà níbi iṣẹ́. Ọjọ́ kọkànlá tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọkọ̀ ni. N kò níwèé ìwakọ̀, gíà kan ṣoṣo ni mo mọ̀, òun ni mo sì lò dé ilé ìgbẹ̀bí. Ìwọ lo di àga mú tí o ń sọ pé, "Ṣáà gbé mi débẹ̀. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá ní kí n bá ẹ wọ ọkọ̀, mi ò ní bèèrè ẹni tó ń wà á." Ọmọ ọjọ́ náà ti di ìyá àgbà. N kò bèèrè gbèsè yẹn rí.

Bá mi kí bàbá ilé. Kí ìyá àgbà tí mo gbé kó tó wáyé. Sọ fún wọn pé mo ṣì ń rí wọn.

Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ tí dókítà ojú tún dá fún mi, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ọkọ̀ funfun kan máa dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Ọmọbìnrin ilé-iṣẹ́ máa bá mi débẹ̀, ó máa sọ̀ kalẹ̀. Èmi á wà lẹ́yìn. Kò ní sẹ́nì kankan níwájú. Má bèèrè. Wọ ọkọ̀, kí o san gbèsè rẹ.

Èmi tí mo fi gíà kan gbé ọ dé ilé ìgbẹ̀bí,
Awakọ̀.