Orúkọ Tí O Yá Wa Lẹ́yìn Páálí Rẹ́kọ́ọ̀dù

14, Òpópónà Ọlátẹ́jú,
Àgùdà, Sùúrùlérè,
Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 1991.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Túbọ̀sún,

Ṣé dáadáa lo wà n'Íléṣà? Mabel ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń ka ìwé wọn? Orúnkún rẹ tó máa ń ro ọ́ lásìkò òtútù, ṣé ó ti fún ọ lọ́jọ́ ìsinmi? Làbákẹ́ ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Èmi náà kí ọ, nítorí ìyá àgbà kọ́ wa pé bó ti wù kí inú bí ènìyàn tó, a kì í tìtorí ẹ̀ gbàgbé kíkí. Mo ti kí ọ tán. Ó yá, wá ibì kan jókòó sí.

Ní oṣù tó kọjá, Dókítà Ayọ̀kànmí kan ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Sábó. Òun ni olóòtú ẹnsaikilopídíà kan, ìwé ńlá tí wọ́n fẹ́ kó gbogbo ìmọ̀ nípa orin ilẹ̀ wa sí. Oyè mẹ́rin ló wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ìwúwo wọn má jẹ́ kó ṣí. Ó ní kí n bá òun tún àròkọ kan ṣe lórí *Afẹ́fẹ́ Àgùdà*, rẹ́kọ́ọ̀dù rọ́ọ̀kì tí ẹgbẹ́ Iná Ìlú ṣe lọ́dún 1972. Òpómúléró orin ìgbàlódé ni àròkọ náà pè é. Mo bi í pé orin wo ló dùn mọ́ ọn jù nínú rẹ̀. Ó ní òun ò tíì gbọ́ ọ, pé ọ̀mọ̀wé kì í fi etí ṣèwádìí.

Mo rẹ́rìn-ín, mo mú bírò pupa mi. Wọ́n ní oṣù méjì ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀. Mo fi ọjọ́ méjì rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní òtẹ́ẹ̀lì ní Yábàá ni ẹgbẹ́ náà ti ń dánra wò. Mo kọ pálọ̀ mi síbẹ̀. Ìgbà tí mo dé gbólóhùn kẹrin ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Wọ́n ní Túbọ̀sún ló ta gìtá tí gbogbo ẹgbẹ́ olórin Mushin fi ń kọ́ṣẹ́ títí dòní, àti pé Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ti kọ́ ọ.

Túbọ̀sún, Lọ́ńdọ́ọ̀nù wo? Agogo lo lù, nínú orin kan ṣoṣo, o sì ṣì í lù.

Ìwọ àtèmi mọ̀ pé Rilwan ló ta gìtá yẹn. Baba rẹ̀, Ààfáà, ti búra pé ọmọ òun tó bá ṣe olórin kò ní wọlé òun mọ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni gìtá rẹ̀ ń sùn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ orúkọ sẹ́yìn páálí, èmi tíṣà tí mo ń na ọmọ nítorí irọ́, èmi ni mo ní kí wọ́n fi orúkọ rẹ bo ti Rilwan. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbé e. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa ṣì ku ọdún kan.

Ààfáà kú nínú ààwẹ̀ èṣí. Kò sí ẹni tí Rilwan ń sá fún mọ́, ni mo bá lọ mú un ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ládìpọ̀, níbi tó ti ń ta ẹ́ńjìnnì, a jọ lọ sí Sábó. Dókítà ṣí fáìlì, ó yọ lẹ́tà kan jáde. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ni mo rí. O kọ ọ́, o buwọ́ lù ú, pé ìwọ lo ta gìtá náà. Dókítà ní orúkọ wà lára páálí, olórúkọ sì ti jẹ́rìí. Bí Rilwan bá ní òun ni, kó mú gìtá kó ta á kí àwọn gbọ́. Ọkùnrin tí kì í fi etí ṣèwádìí!

Rilwan gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé tábìlì. Bóyá o ò gbọ́: gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ já lù ú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìka méjì ò ṣeé ká mọ́. Dókítà wo ọwọ́ náà, ó sì fa fáìlì rẹ̀ sẹ́yìn kí gíríìsì má bàa kàn án.

Nígbà tí a ń bọ̀, Rilwan ní, "Tíṣà, kì í ṣe torí òkìkí. Fadilah ọmọ mi fẹ́ràn rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ta gìtá yẹn. Ó yí ẹ̀yìn páálí síta, ó ní, 'Bàbá mi, ẹ fẹ́ràn àwàdà jù, orúkọ yín ò sí níbí.'"

Ká ní o dákẹ́ ni, inú ì bá má bí mi tó yìí. Ṣùgbọ́n o mú kálàmù. Mo rántí ohun tí o sọ lọ́jọ́ tí a fi orúkọ rẹ síbẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ lásán ni, ìgbà tó bá fẹ́ kó gba tiẹ̀ padà." Ó ti wá gbà á báyìí, o sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí ni ìwé náà ń lọ sílé ìtẹ̀wé. Mo fi bébà kan sínú lẹ́tà yìí. Mo ti kọ sórí rẹ̀ pé èmi ni mo dá irọ́ náà sílẹ̀, mo sì ti buwọ́ lù ú. Àyè wà nísàlẹ̀ fún tìrẹ. Gbólóhùn kan tó.

Bá mi kí Mabel àti àwọn ọmọ, má sì fi lẹ́tà yìí hàn wọ́n kí o tó kọ tìrẹ. Mi ò fẹ́ kí ojú tì ọ́ lójú wọn.

Bí o bá sì ní ìwọ lo ta á lóòótọ́, gìtá náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ìka tìrẹ pé. Wá ta á kí Fadilah gbọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, pẹ̀lú ìbínú,
Ọládèjì.