Erékùṣù Ni Àwọn Ọmọ Yín Ń Yàn

Bàbá mi, ẹni àpọ́nlé mi,

Ẹ kú ìsinmi o. N kò ní bi yín bóyá ara yín le, ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún yín mọ́. Èmi ni ara mi ò balẹ̀. Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni nǹkan ti ń rí mi lára. Àwọn ọmọ yín ni. Mo sì mọ̀ pé ẹ kórìíra kí èèyàn máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ kó fo tirẹ̀, nítorí náà tí mo bá débẹ̀, n ó ka tèmi náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Yàrá yín ṣì wà bẹ́ẹ̀. Màámi ṣì ń gbọn bẹ́ẹ̀dì yín láràárọ̀ bí ẹni pé ẹ lọ gba owó ìfẹ̀yìntì ni. Tí fèrè ọkọ̀ ojú irin bá dún, èmi ni mo máa ń wo aago fún yín báyìí, mo sì máa ń sọ ọ́ sókè bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ pé ó ti pẹ́, pé wọn ò ní láákàyè mọ́ ní rélùwéè.

Nígbà tí a sin yín sẹ́yìn fèrèsé yàrá yín, Bọ̀dá Ṣọlá kò lè wá. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tó bá jáde kò ní lè padà wọlé. A gbà. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó lọ, ojoojúmọ́ lẹ ń bi mí bóyá ìwé rẹ̀ ti jáde, mo sì ń parọ́ fún yín pé ó kù díẹ̀. Àǹtí Fúnkẹ́ wá láti Jámánì, ó lo ọjọ́ mẹ́rin, ó sunkún dáadáa, ó padà lọ. Àwọn méjèèjì ló ṣèlérí fún Màámi pé kí ọdún tó yípo, gbogbo wa á pé jọ, Bọ̀dá á sì ṣe ojú oórì yín bó ṣe yẹ.

Ẹ mọ bó ṣe yẹ, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Ní agboolé wa, Dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin, ló ń fi ọwọ́ lásán bu sìmẹ́ńtì àkọ́kọ́ lé bàbá rẹ̀ lórí, kí ọdún kan tó kọjá. Bí ọwọ́ rẹ̀ ò bá tíì kàn án, kò sí bíríkìlà tó gbọdọ̀ gbé búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Ẹ̀yin náà wà ní Sáríà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè nígbà tí bàbá yín kú. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin wálé, ẹ kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn tí ẹ fi ki ọwọ́ bọ sìmẹ́ńtì. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún wa títí ó fi sú wa. Ó wù mí kí ẹ tún wá sọ ọ́.

Nítorí náà ni ẹ fi ń fi iyẹ̀pẹ̀ lásán bora láti ọdún tó kọjá títí di àná, ẹ̀ ń dúró de Dáwódù yín. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ti sọ orí yín di ibùsùn. Adìyẹ ń tan ilẹ̀ níbẹ̀. Mo ń lé wọn kí n tó lọ sílé-ìwé, mo ń lé wọn tí mo bá dé.

Ní oṣù tó kọjá, ìwé Bọ̀dá jáde. Háà, mo jó! Mo jó nínú ilé títí ìdí fi dùn mí. Mo ní ó parí, ó ń bọ̀ wálé. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ sórí Wasáàpù ẹbí? Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun ti lè rìnrìn àjò báyìí, kí gbogbo wa pàdé ní erékùṣù kan ní Yúróòpù, ká ṣe ìrántí yín níbẹ̀, ká fi sinmi. Kí kálukú mú erékùṣù tó bá wù ú wá. Erékùṣù, Bàbá! Ilẹ̀ tí omi yí ká! Ọ̀sẹ̀ tí ọdún yín pé gan-an ló sì mú, nítorí ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ rẹ̀ gba ìsinmi.

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bọ̀dá ní Málítà. Àǹtí ní rárá, òkúta lásán ló wà níbẹ̀, kò sígi, Màdíírà ló dáa. Bọ̀dá ní gbogbo ọ̀nà Màdíírà ló ń gòkè, orúnkún òun ń kọ́? Wọ́n mú Kírítì wá, wọ́n ní oòrùn ibẹ̀ ń jó èèyàn. Oòrùn ń jó àwọn ọmọ Ọ̀fà! Wọ́n mú Tẹnẹríìfù wá, Àǹtí ní iyanrìn etíkun ibẹ̀ dúdú, kò ní dùn ún wò nínú fọ́tò. Iyanrìn dúdú ló ń rí i lára, iyẹ̀pẹ̀ pupa tó wà lórí bàbá rẹ̀ ò rí i lára. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló rò pé orí erékùṣù òyìnbó la ó ti máa jà á? Ọjọ́ kan wà tí wọ́n fi odindi ọ̀sán jiyàn lórí bóyá òtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà tí òkun wà níwájú rẹ̀. Nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sẹ́ni tó dárúkọ yín. Ṣíọ̀!

Àfi ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi yín bo ara wọn láṣìírí. Bọ̀dá ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti kékeré òun ni àwòrán erékùṣù kan ti wà lára ògiri pálọ̀ yín, ilé funfun, òkun aláwọ̀ aró, pé ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́, pé àlá yín nìyẹn, àwa ọmọ ló kù tí a ó bá yín mú un ṣẹ. Àǹtí dá a lóhùn pé òótọ́ ni, pé òun máa ń rí yín tí ẹ ń wò ó. Bàbá, mo rẹ́rìn-ín, mo tún pòṣé. Kàlẹ́ńdà yẹn! Kàlẹ́ńdà tí olóògùn òyìnbó fún yín, tí ẹ fi bo ibi tí òjò ń jò sí lára ògiri títí ó fi hu olú! Èmi tí mo dúró sílé ni mo mọ̀. Èmi ni mo máa ń di àpótí mú tí ẹ bá gùn ún láti tún ìṣó rẹ̀ kàn. Ẹ̀rù omi gan-an ń bà yín. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ gun afárá odò Ọ̀yun, ẹ ó ṣí fìlà, ẹ ó gbé e lé orúnkún, ẹ ó dijú títí a ó fi kọjá. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ẹ fi kàlẹ́ńdà bo olú, àwọn ọmọ yín sọ ọ́ di àlá.

Mo ti bú wọn tó. Ó kan èmi.

Nígbà tí Bọ̀dá ní èmi àti Màámi náà á lọ, mo dákẹ́. Kì í ṣe ìbínú ni mo fi dákẹ́. Ó wù mí ni. Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ABD, n kò tíì rí òkun rí. Tí a bá ti lu aago ìsinmi nílé-ìwé, n ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, n ó máa wo Màdíírà lórí fóònù. Mo rí òdòdó lójú pópó wọn. Mo rí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, inú mi dùn pé wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo mọ ọjọ́ náà, Bàbá. Mo mọ̀ pé ọdún yín ló bọ́ sí. Mo sọ fún ara mi pé òkú kì í bínú, pé iyẹ̀pẹ̀ tó ti dúró fún oṣù mọ́kànlá lè fi díẹ̀ kún un. Wọ́n ní ká dìbò, mo dìbò. Màdíírà ni mo yàn, ìbò mi ló sì mú un wọlé. Mo tilẹ̀ ti lọ gbé aṣọ fún télọ̀, aṣọ tí n ó wọ̀ létí òkun. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí ni ara mi ń rí mi lára.

Òjò ló là mí lójú. Òjò ńlá kan rọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ó rọ̀ di ọjọ́ kejì. Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, n kò bá Màámi nínú ilé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti rí i. Ọ̀gbàrá ti wọ́ apá kan iyẹ̀pẹ̀ orí yín lọ, Màámi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń fi abọ́ ìfọwọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ padà síbẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìyá tí kò lè dá dìde lórí àga. Ó ń bá yín sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Ṣọlá. Wọ́n ń bọ̀."

Ó rí mi. Ó bi mí pé, "Èwo lẹ wá yàn?"

Mo ní Màdíírà.

Ó ní, "Ṣé ó jìn?"

Mo ní ó jìn.

Ó ní, "Ẹ máa lọ, ẹ ó lọ ire. Èmi ò lọ. Bí gbogbo wa bá lọ, ta ni yóò máa lé ewúrẹ́ fún bàbá yín?"

Mo gbé e dìde, mo fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bu iyẹ̀pẹ̀ tó kù síbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ ọ́ sórí Wasáàpù pé n kò lọ, Màámi kò lọ, kí Bọ̀dá wá fi ọwọ́ kan bàbá rẹ̀ kí ọdún tó pé. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, má da ètò rú mọ́ wa lọ́wọ́ báyìí. Ìwọ náà ṣáà dìbò." Mo gbà, mo dìbò. Mo ń bẹ̀ ẹ́, Bàbá, èmi tí mo ní ẹnu tó mú bí abẹ, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ mo ń bẹ fóònù. Ó wá ní òun ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní kí n pe bíríkìlà lọ́jọ́ tí ọdún yín bá pé gan-an, kí n gbé fóònù sókè, òun á máa wò ó láti etíkun, èmi á wá ki ọwọ́ bọ sìmẹ́ńtì lórúkọ òun. Ó ní, "Ìwọ á jẹ́ ọwọ́ mi." Ó ní kó jẹ́ aago mẹ́wàá géérégé, nítorí aago mọ́kànlá ni wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo ẹja àbùùbùtán.

Ẹja! Ẹ jọ̀ọ́, irú ọmọ wo lẹ bí?

Àná ni ọjọ́ pé. Bíríkìlà wá láti Ìjàgbò lórí ọ̀kadà, ó kó búlọ́ọ̀kù jọ, ó po sìmẹ́ńtì, ó wá dúró, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ó mọ àṣà. Ó ní, "Ta ni Dáwódù?"

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápò mi. Aago mẹ́wàá géérégé. Mo wo Màámi tó jókòó lórí àpótí. Mo yọ fóònù, mo pa á.

Mo ní, "Èmi ni."

Bíríkìlà wò mí, ó wo gèlè orí mi, ó wo Màámi. Màámi ní, "Ọmọ rẹ̀ ni. Gbé e fún un."

Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. N kò ṣe é lórúkọ Bọ̀dá. Orúkọ tèmi ni mo dá, mo pè é sókè kí ẹ lè gbọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ń wí pé ẹni ọmọ sin ló bímọ, ẹ kò sọ fún wa pé ọmọ èwo. Sìmẹ́ńtì jẹ mí lọ́wọ́, ìka mi ń bó, ẹ má wo bí ìwé yìí ṣe rí wúruwùru. Ṣé ẹ gbà á lọ́wọ́ mi? Ọwọ́ obìnrin, ọwọ́ àbíkẹ́yìn, ọwọ́ tó dìbò fún Màdíírà? Àwọn àgbà agboolé ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Bọ̀dá fi ohùn ránṣẹ́, ó ní mo jí ipò òun, pé òun ò ní gbàgbé láéláé. N kò tíì fún un lésì, n kò sì mọ̀ bóyá n ó fún un.

Láàárọ̀ yìí ni Àǹtí fi fọ́tò wọn ránṣẹ́. Màámi ní kí n fi han òun. Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú. Gbogbo wọn ló wọ awò dúdú, wọ́n dé àkẹtẹ̀, òkun wà lẹ́yìn wọn lóòótọ́, ó sì lẹ́wà. Màámi wò ó pẹ́. Ó fi ìka kan ọkùnrin tó wà láàárín, ó bi mí pé, "Ta nìyí?"

Mo ní, "Dáwódù yín ni, Mà."

Ó dá fóònù padà sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Oòrùn ti ń mú. Lọ bu omi wọ́n bàbá rẹ, kí sìmẹ́ńtì yẹn má baà sán."

Mo ti pọn omi náà. Mo ń bọ̀, Bàbá.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ọwọ́ ń ta.