Obìnrin Tó Ń Ké Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni iṣẹ́ o? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ayọ̀, kí ọ̀gá rẹ má máa jágbe mọ́ ọ, kí ara ọkọ rẹ náà le koko. Ara tèmi náà le, àfi àyà mi tó ń já ṣáá. Kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún bí kò ṣe ìwọ tó o bí Aláròyé tó o sì fi í sọ́dọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n tó o rà fún wa ni. Ilé eré méjì lo sanwó fún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan fún ọmọdé, ọ̀kan fún àgbà, o ní ká má tẹ tàgbà, a ò sì tẹ̀ ẹ́. Àfi bí ìkéde ṣe jáde lójú rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé ká bá àwọn yọ̀, àwọn ti pa ilé méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Èmi káfíńtà mọ ohun tíyẹn jẹ́, wọ́n ti wó ògiri àárín ni. Mo wojú tẹlifíṣọ̀n báyìí, ehoro tí ọmọ rẹ fẹ́ràn ló wà lápá kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ọkùnrin kan dúró sí tòun ti ọ̀bẹ, tọkọtaya kan sì wà lápá kejì tí aṣọ ara wọn ò tó nǹkan. Mo jókòó ṣọ́ ọlọ́bẹ yẹn títí mo fi gbàgbé oúnjẹ, kó má lọ yọ́ dé ọ̀dọ̀ ehoro. Tẹlifíṣọ̀n tún ń bi mí pé ta ló ń wo òun. Mo yáa fi fìlà bojú. Ó ní tí mo bá fẹ́ ti eré àgbà pa, kí n mú nọ́ńbà mẹ́rin wá. Mo ní gbájúẹ̀ ti dé nìyẹn, nọ́ńbà báńkì mi ló ń wá.

Ni mo bá ṣe èyí tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo kan kọ́bọ́ọ̀dù ńlá, pákó tó ki dáadáa, mo dúró kí ọmọ rẹ sùn lọ́sàn-án, mo gbé tẹlifíṣọ̀n àti rìmóòtù sínú rẹ̀, mo fa wáyà iná rẹ̀ gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi àgádágodo tì í. Mo mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún ìyá aránṣọ tó wà ní iwájú wa pé kó bá mi pa á mọ́. N ò pa iná tẹlifíṣọ̀n náà o, mo rò pé tí kò bá ti rẹ́ni wò ó, á sinmi fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí ọmọ jí, mo purọ́ fún un pé mo ti gbé e lọ fún àtúnṣe.

Mi ò tíì nu òógùn ojú mi tán tí obìnrin kan fi figbe ta nínú kọ́bọ́ọ̀dù pé ẹ gba òun, wọ́n fẹ́ pa òun. Ọmọ rẹ fò sókè, ó ń fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn, ó ń bẹ obìnrin náà pé kó má sunkún mọ́, bàbá àgbà máa ṣí i fún un. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ ìyá aránṣọ, ó ti lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Igbe ń le sí i. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré pa súwíìṣì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Ohùn obìnrin náà gé láàárín igbe, ilé pa rọ́rọ́. Ọmọ rẹ bi mí bóyá ó ti kú.

Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ dé, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù gbayawu, mo ní kó wá wò ó, tẹlifíṣọ̀n lásán ni. Ó ní ṣebí mo ní mo ti gbé e lọ, níbo ni mo wá gbé obìnrin náà sí? Ìyá aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín ò pa èmi. Láti ìgbà yẹn, ẹnu ọ̀nà ni ọmọ rẹ ti ń jẹun. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọkọ rẹ á gbọ́, ẹ ó sì wá mú ọmọ yìí lọ, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí látìgbà tí ìyá rẹ ti kú.

Jọ̀ọ́, wá fúnra rẹ, kó o bá mi dá ògiri náà padà, kó o sì bá mi ṣàlàyé fún ọmọ rẹ. Tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́, pákó bẹ́ẹ̀dì oníbàárà ni mo fi kan kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ó sì ti ń wá mi kiri. Láàárọ̀ yìí tí mo pe Aláròyé pé kó wá wẹ̀, ńṣe ló kúnlẹ̀, ó ní òun ò ní pariwo mọ́, kí n jọ̀ọ́ má ti òun náà mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Á dá ẹ̀mí rẹ sí. Kó má sì jẹ́ kí ọmọ tó o bí wò ọ́ láéláé bó ṣe ń wò mí yìí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.