Nítorí Mọ́nítọ̀ Tó Ń Fọ́ Ọ Lórí

Fọláhàn Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé omi ń yọ níbi tí o ń gbé? Ọlọ́run tó gbé ọ dé Èkó kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Àwa náà wà láàyè ní ulé níhìn-ín ní Ìkẹ́rẹ́. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé uṣu ọdún yìí ta ju ti èṣí lọ. Ewúrẹ́ tí o sọ ní orúkọ ọ̀gá rẹ ti bí ìbejì.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé Ládélé ẹ̀gbọ́n rẹ sọ pé ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà ló wà nínú fóònù. Mo ní èmi tí mo bí ọ kò ní jẹ́ ẹni tó máa fọ́ ọ lójú. Táyé tó ń wakọ̀ lọ sí Èkó ló ń bá mi mú un bọ̀.

Ọjọ́ tí o pè tí o ní ojú ń ta ọ́, orí ń fọ́ ọ láti àárọ̀ di alẹ́, àti pé mọ́nítọ̀ ló fà á, n kò jẹun sùn. Mọ́nítọ̀ tí èmi mọ̀ ni ọmọ tó máa ń kọ orúkọ aláriwo ní kíláàsì. Mo ní ọmọ tí mo rán lọ sí yunifásítì, tó gboyè, ṣé wọ́n tún yan mọ́nítọ̀ lé e lórí ní ọ́fíìsì ni? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́rú. Bí mo ṣe pe mọ́nítọ̀ báyìí, ìyá Ọlọ́runtọ́ba dìde, ó ní òun mọ̀ ọ́n, ẹ̀mí tó máa ń ṣọ́ ènìyàn kiri ni. A gbààwẹ̀ sí i, a ní kó fọ́ yángá níbikíbi tó bá wà. Ìgbà tí Ládélé dé láti Ìlawẹ̀ tó ti ń ṣe tíṣà ló tó ṣàlàyé pé ojú kọ̀ǹpútà tó dà bí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá ó máa ń rú èéfín, nítorí èmi tí mo ń dín gaàrí, èéfín ni mo mọ̀ tó máa ń ta ojú. Ó ní kì í rú èéfín. Jọ̀wọ́, tí tìrẹ bá ti fọ́, má bínú, àdúrà wa ni.

Ó tó báyìí. Gbé lẹ́tà sílẹ̀, wo ọ̀ọ́kán díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló ní kí o máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé o ti padà? Lọ́jọ́ Ajé, mo mú fọ́tò tí o yà lọ́jọ́ tí o gboyè, mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń jẹ́ Níkẹ́. Ó ní aláìsàn dà, mo gbé ọ kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní òun kò lè wo ojú fọ́tò. Mo ní kó fara balẹ̀, ojú rẹ hàn kedere níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn bi mí léèrè iṣẹ́ tí o ń ṣe.

Ó ní tí ènìyàn bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó máa ń gbàgbé láti ṣẹ́jú, ojú á sì gbẹ bíi ti ìgbà ọyẹ́. Nítorí náà máa ṣẹ́jú dáadáa. Tí ọ̀gá rẹ bá rò pé òun lo ń ṣẹ́jú sí, sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ló ní kí o ṣe é. Ó ní kí mọ́nítọ̀ jìnnà sí ọ tó gígùn apá, kí orí rẹ̀ má sì ga ju ojú rẹ lọ. Ìyẹn dùn mọ́ mi, ó yẹ kó mọ̀ pé ìwọ lo jù ú lọ. Kí o dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kó bá ti yàrá mu, kí oòrùn fèrèsé má sì máa tàn lé e lójú. Tó bá ti tó bí ogún ìṣẹ́jú, kí o gbójú kúrò lára rẹ̀, kí o wo nǹkan tó jìnnà fún ìgbà tí ènìyàn fi lè ka Àdúrà Olúwa dé ìdajì. Mo ní kí lèèyàn fẹ́ rí tó jìnnà ní Èkó, níbi tí ògiri fara ti ògiri? Mo ní bóyá kí o máa kọjú sí apá Ìkẹ́rẹ́, níbi tí Òkè Ọlọ́sunta wà. Ó ní igi tó wà ní òdìkejì títì náà tó. Tí orí fífọ́ náà kò bá sì lọ, kí o lọ rí dókítà ojú, bóyá awò ni o nílò.

Bí mo ṣe fẹ́ dìde, ó ní kí òun kúkú wo èmi náà. Ó fi nǹkan bo ojú òsì mi, ó ní kí n ka lẹ́tà tó wà lára ògiri. Mo ní wọn kò tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ó lọ pe dókítà, dókítà tan iná sí mi lójú, ó ní awọ funfun ti bo ẹyin ojú ọ̀tún, àti pé ti òsì náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni wọ́n máa ṣe ní Adó, kí n má fi falẹ̀. Mo dúpẹ́, mo ní ṣùgbọ́n nítorí ọmọ mi ni mo ṣe wá.

Nígbà tí mo jáde, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo fọwọ́ bo ojú òsì, mo wo apá ibi tí Ọlọ́sunta wà. Fọláhàn, òkè ńlá yẹn, tí gbogbo ẹni tó bá wọ Ìkẹ́rẹ́ máa ń rí, kò sí níbẹ̀. Mo ṣí ọwọ́, ó wà níbẹ̀. Mo tún bò ó, kò sí. Mo dúró títí ọlọ́kadà kan fi bi mí pé Màmá, níbo lẹ̀ ń lọ. Nígbà tí mo sọ fún bàbá rẹ, ó ní òun ti ń rí i pé mò ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife, òun rò pé ọjọ́ orí ni.

Nítorí náà, ohun tí agbára rẹ bá ká nínú owó iṣẹ́ abẹ náà, fi ránṣẹ́ sí Ládélé. Má fi í sínú fóònù tèmi o, owó kan wọ ibẹ̀ rí, n kò rí ibi tó gbà jáde. Wọ́n ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ dì mí lọ́wọ́ mú padà wá sí ulé lọ́jọ́ náà, nítorí wọ́n máa bo ojú mi. Nọ́ọ̀sì bi mí pé ta ni, mo ní ìwọ ni.

Ojú rẹ kò ní ríbi. Orí rẹ kò ní fọ́ mọ́, ire lo máa fi rù. Ohun tí o bá ń wò láti òkèèrè, Ọlọ́run á jẹ́ kó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ náà ń bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n má sọ fún bàbá rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.